Ọ̀pá Eléko àti Lẹ́tà Aláìlámì

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí kọ́ ìránṣẹ́ ní ìgboyà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí a jẹ́ iṣẹ́ fún ṣe. Bí ìránṣẹ́ bá dúró níwájú wa, tí ó dárúkọ ẹni tí a mọ̀, tí ó sì ní kí a kó owó wá, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ẹni tí ó dárúkọ ni ó rán an ní tòótọ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yẹ̀ wò nínú ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ràn ìtàn àtijọ́. Ìbéèrè náà ni a kò bi ní ọdún 2022, tí ilé ìyá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí ìyá mi sí, ní àdúgbò tí kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àlàájì, ń ta léèsì àti àǹkárá ní ọjà Balógun. Láti nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọn kò sì tíì jà rí. Nítorí pé èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, èmi ni mo máa ń bá Bàbá Àlàájì kọ lẹ́tà sí ọkùnrin náà lórí kọ̀ǹpútà, èmi náà ni mo sì máa ń ka èsì rẹ̀ sí i létí.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ímeèlì kan dé. Ó ní àwọn aṣírò-owó ń yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ wọn wò, nítorí náà kí a má san owó tó kù sínú àkáǹtì àtijọ́ mọ́. Kí a san án sínú òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ó ní bí owó kò bá dé kí ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ̀ ojú omi yóò lọ láìsí ẹrù wa. Owó náà jẹ́ dọ́là 18,000. Mo ka lẹ́tà náà sókè. Mo rí i pé ọkùnrin tí kì í lè kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì kí ó má ṣì wá kọ ojú ewé kan tí ó dán bí dígí. Èmi tí mò ń kọ́ èdè, mo tilẹ̀ yìn ín. Mo ní, “Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti dára sí i o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ sí báńkì.

Ọjọ́ kẹrin ni ọkùnrin Ṣáínà náà pè wá lórí fóònù pé òun kò tíì rí owó. Nígbà náà ni a mọ̀ pé ẹlòmíràn ni a san án fún. Nígbà tí a délé tí a ròyìn fún Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí Bàbá Àlàájì àti ìyá mi, wọ́n kò bi wá bí ó ti jẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí báńkì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: “Ẹni tó mú lẹ́tà yẹn wá, kí ló mú dání?” Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè Ìyá Àgbà ni mo gbé lọ sí ilé-ìkàwé. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí a ti ń bi í ní Èkó, àti ìgbà tí a dẹ́kun rẹ̀.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókèèrè. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó gbà á, nítorí pé nínú ẹẹ́fà ni a ti ń gbọ́ ìró fífà. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ní ọdún 1887 ni wọ́n fi irú àrokò bẹ́ẹ̀ han àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí níbẹ̀ kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan. Àrokò kì í dá rìn. Ènìyàn ni ó ń gbé e, ẹni tí a mọ ojú rẹ̀ tàbí tí a mọ ilé rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ ọba wá, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba a máa fi ọ̀pá rẹ̀ lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀pá náà ti rí ọba. A ó kí i bí a ti ń kí ọba, a ó sì gbọ́ ohun tí ẹni tó gbé e bá sọ. Bí ìránṣẹ́ bá dé láìsí ọ̀pá, kò sí ohun tó burú nínú kí a gbà á lálejò, kí a fún un ní omi mu, kí a sì rán ọmọ tiwa lọ bèèrè láàfin kí a tó ṣe ohun tó wí. Ohun mẹ́ta ni ó dáàbò bo olúkúlùkù nígbà náà: ojú tí a mọ̀, àmì tí kò wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti àyè láti padà lọ bèèrè lójú ọ̀nà mìíràn. Àwọn ìyá tó ń ná ọjà lò ó pẹ̀lú. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé nígbà èwe àwọn, bí wọ́n bá rán ọmọ lọ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ìyá wọn a ṣí gèlè orí rẹ̀ fún ọmọ náà pé kí ó mú un lọ. Oníbàárà tó bá rí gèlè náà yóò mọ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé, ìwé sì ní agbára tí àrokò kò ní. Ó lè sọ ohun púpọ̀, ó lè pẹ́, ó sì lè dá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó tètè rí oró rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù August ọdún 1861, Ọba Dòsùmú fi àmì àgbélébùú sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun wà nínú ọ̀sà, wọ́n sì ti halẹ̀ pé ìbọn yóò dún bí kò bá fi ọwọ́ sí i. Kò pẹ́ tí ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé ipá ni wọ́n fi mú àwọn. Àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀, sì ń wí pé ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. N kò sọ pé ìwé yẹn àti ímeèlì Bàbá Àlàájì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìjọba ni ti ìṣáájú, olè ni ti ìkejì. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n fi jọra, ohun méjèèjì náà ni ó yẹ kí ó máa dẹ́rù bà wá nínú ìwé èyíkéyìí: ìkánjú àti ìhalẹ̀. Ìwé tó bá ní kí a fi ọwọ́ sí òun kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní ìdí tí kò fi fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun.

Ọdún 1920 ni mo wá dé ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù. Ìjọba ti gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Àmódù Tìjání, tíí ṣe Olóyè Olúwa, sì gbé ẹjọ́ náà títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ọwọ́ Macaulay kò ṣófo: ọ̀pá Eléko, Ọba Èṣùgbàyí, ni ó gbé dání. Nígbà tí ó sì ń bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan ilé ọba Èkó, ọ̀pá náà ni ó ń jẹ́rìí sí i.

Ẹ wo bí ọ̀pá kan ti dààmú ìjọba tó. Wọn kò kọ́kọ́ jiyàn ohun tí Macaulay wí. Ohun tí wọ́n wá lọ́dọ̀ Eléko ni pé kí ó sẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí agogo dún kiri ìlú pé kì í ṣe òun ni ó rán an ní ọ̀rọ̀ náà. Èṣùgbàyí kọ̀ láti lu agogo. Nítorí èyí ni ìjọba fi kọ̀ ọ́ ní ọba kí ọdún náà tó parí. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà sí Èkó títí di 1931. Olóyè Olúwa ní tirẹ̀ jàre ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921. Ìjọba tí ó ní ọkọ̀ ogun, tí ó ní wáyà tí ó ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù láti 1886, mọ̀ dájú pé ìwé ẹgbẹ̀rún kan kò tó láti borí ọ̀pá kan tí gbogbo ènìyàn mọ olówó rẹ̀.

Nǹkan bí àkókò kan náà ni lẹ́tà aláìlámì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nílẹ̀ wa. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ P. Crentsil, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba, sọ ara rẹ̀ di Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníṣẹ́-Ìyanu. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ènìyàn ní Gold Coast pé òun ní agbára tí òun lè lò fún wọn, bí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́. Ní December 1921 wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, ọ̀kan nínú ìpín òfin tí wọ́n sì fi kàn án ni ìpín 419 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn, èyí tí ó wà fún ẹni tó fi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn. Adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí ó lọ. Àwọn òpìtàn ń ka lẹ́tà rẹ̀ mọ́ àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a mọ̀ nílẹ̀ wa. Láti inú nọ́ńbà ìpín òfin yẹn ni orúkọ tí gbogbo ayé wá fi ń pe jìbìtì yìí ti jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Èkó ni a ti dá ọgbọ́n yìí. Vidocq, ará Faransé tí ó jẹ́ olè kí ó tó di ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1828 bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń kọ̀wé sí olówó pé àwọn mọ ibi tí ìṣúra wà, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti ń pe irú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́wọ̀n Ilẹ̀ Spéènì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan nílẹ̀ wa rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti ní ọ̀rẹ́ ìkọ̀wé ní Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọba, ó sì ṣèlérí ohun iyebíye fún ẹni tó bá fi owó kékeré ṣọwọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá rí i, ọmọ ọdún 14 ni.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yára. Owó epo rọ̀bì kó ọrọ̀ wọlé ní àwọn ọdún 1970, ó sì jẹ́ kí àjèjì gbàgbọ́ pé kò sí iye tí ẹnì kan kò lè rí ní Nàìjíríà. Nígbà tí owó epo já ní àwọn ọdún 1980, tí náírà sì wó, ìgbàgbọ́ àjèjì kò bá a wó. Télẹ́ẹ̀sì àti fáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà jáde lórúkọ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba pé owó kan wà nílẹ̀ tí kò ní olówó. Báńkì Àpapọ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Tinúbú láti 1959 ná owó lórí ìkìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ní àwọn ọdún 1990. Síbẹ̀, láàrín 1995 sí 1998, ọ̀gá kan nínú Banco Noroeste ní ilẹ̀ Bràsíìlì kó mílíọ̀nù 242 dọ́là tí kì í ṣe tirẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Àbújá. Emmanuel Nwude, tí ó pe ara rẹ̀ ní gómìnà Báńkì Àpapọ̀, ni olórí wọn. Ọdún 2005 ni wọ́n dá a lẹ́bi. Báńkì náà ti ṣubú kí ó tó dìgbà náà. Ọ̀gá báńkì ni ẹni tí wọ́n tàn, kì í ṣe òpè. Òun náà kò béèrè ọ̀pá.

Ímeèlì wá mú owó ọkọ̀ kúrò lórí irọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù May 1978, Gary Thuerk, tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Inú bí wọn, ṣùgbọ́n ó ní òun tà. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ayé ń pè ní spam lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ayé Crentsil yóò ra ẹgbẹ̀rún sítáǹbù. Lónìí, mílíọ̀nù kan kò ju iye tí ẹyọ kan ń ná ni lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dàbí ìwé ọ̀mùgọ̀. Onímọ̀ kan ní Microsoft, Cormac Herley, ṣàlàyé ní 2012 pé ìwà ọ̀mùgọ̀ yẹn wúlò fún olè: ó ń sé ọlọ́gbọ́n kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó lè ku àwọn tí yóò gba ohun gbogbo gbọ́, kí olè má sì fi àkókò ṣòfò.

Àwa tí a ti mọ ọmọ ọba inú lẹ́tà yẹn wá ń rò pé a ti gbọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Lẹ́tà tó gba owó Bàbá Àlàájì kì í ṣe èyí tí a dà sóde bí àwọ̀n. Ó jẹ́ ọfà tí a ta sí ẹnì kan. Ẹni tó kọ ọ́ ti ka gbogbo lẹ́tà wa. Ó mọ iye tó kù, ó mọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi, ó mọ ọjọ́ tí yóò gbéra. Ní ọdún 2023 nìkan, àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ Amẹ́ríkà, FBI, ka ìpàdánù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 3 dọ́là tí irú lẹ́tà báyìí fà lára àwọn tí wọ́n fẹjọ́ sùn wọ́n. Ramon Abbas, ọmọ Èkó tí ayé mọ̀ sí Hushpuppi, wà lára àwọn tí wọ́n fọ owó irú jìbìtì bẹ́ẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n mú un ní Dubai, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ní 2022.

Báwo ni olè ṣe wọ inú lẹ́tà wa? Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ níbí. Ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́tà kan wọlé pé àpótí ímeèlì wa ti kún, kí a tẹ ibì kan láti fẹ̀ ẹ́. Mo tẹ ẹ́. Ojú ewé tó ṣí jọ èyí tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, mo sì kọ pásíwọ́ọ̀dù wa síbẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù náà kò ju orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti 123 lọ. Èmi ni mo yàn án. Olè wọlé, kò jí ohunkóhun, ó jókòó. Ó fi àṣẹ kan sínú àpótí náà pé kí gbogbo lẹ́tà tó bá ti Guangzhou wá máa lọ sí igun kan tí a kì í wò. Lẹ́yìn náà ni ó fi àdírẹ́sì tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ wa pẹ̀lú lẹ́tà ábídí kan ṣoṣo kọ̀wé sí wa. Mo wo àdírẹ́sì náà, n kò kà á. Wíwò yàtọ̀ sí kíkà. Ó yẹ kí ọmọ tó ń kọ́ èdè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Báńkì ní owó náà ti kọjá àkáǹtì mẹ́ta. Bàbá Àlàájì ta ilẹ̀ tí wọ́n ní ní Ìkòròdú kí wọ́n tó lè san gbèsè ọ̀rẹ́ wọn. Ọmọbìnrin méjì tó ń bá wọn tajà padà sílé. Wọn kò bú mi. Ní oṣù kejì, wọ́n pè mí pé kí n wá bá àwọn kọ lẹ́tà. Èmi kò mọ ohun tí mo lè fi dá irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ padà, àyàfi kí n wá bí a ó ṣe dá ọ̀pá padà sínú òwò wọn.

Mo rí i pé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ti ń wá ọ̀pá yìí. Ẹni tó bá ní orúkọ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè kọ orúkọ àwọn ìránṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé lẹ́tà rẹ̀ síta. SPF ni wọ́n ń pe ìwé orúkọ náà. Ó lè tẹ èdìdì mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá yí i lójú ọ̀nà, DKIM nìyẹn. Ó sì lè pàṣẹ fún oníbodè ohun tí yóò ṣe sí lẹ́tà tó bá dé láìsí méjèèjì; DMARC nìyẹn. Ìránṣẹ́ tí a mọ̀, àmì, àti oníbodè: ààfin ni wọ́n tún kọ́ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n èdìdì wọ̀nyí kò lè dá ẹni tó ti jí kọ́kọ́rọ́ dúró, wọn kò sì lè ka àdírẹ́sì tí ó fi lẹ́tà ábídí kan yàtọ̀ fún wa. Ìyókù kù sọ́wọ́ ènìyàn.

Nítorí náà ni a ṣe ní òfin nínú ṣọ́ọ̀bù. Èkíní, kò sí lẹ́tà tó lè yí nọ́ńbà àkáǹtì padà. Bí irú rẹ̀ bá dé, a ó fi fóònù pe ọ̀rẹ́ wa, lórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àtijọ́ Bàbá Àlàájì, kì í ṣe èyí tí lẹ́tà náà mú wá, a ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kan tí àwa méjì nìkan mọ̀. Èkejì, ẹni méjì ni yóò fọwọ́ sí owó tó bá ń jáde. Ẹni tó ka lẹ́tà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń san án. Ẹ̀kẹta, pásíwọ́ọ̀dù wa ti di gbólóhùn gígùn, kò sì sí ibi méjì tó ń lo ọ̀kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ̀ ọ́n, fóònù Bàbá Àlàájì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí àpótí tó ṣí. Fóònù yẹn ni gèlè Ìyá Àgbà. Ẹ̀kẹrin, a kì í fi àtúnṣe kọ̀ǹpútà dọ́la. Nígbà tí WannaCry ti ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ pa káàkiri ayé ní May 2017, oṣù méjì ṣáájú ni Microsoft ti gbé oògùn rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lò ó.

Ẹ̀karùn-ún, a ní ẹ̀dà ìwé wa gbogbo ní ibòmíràn tí kò so mọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Èkó. Nígbà tí ilé NET ní Marina jó ní January 1983, ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ó fura pé ẹnì kan fẹ́ kí ìwé owó jóná. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé tó bá ní ẹ̀dà níbòmíràn kì í jẹ́ kí irú ìfura bẹ́ẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀kẹfà, bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀, a kò ní fi ìtìjú pa á mọ́. Bí a bá tètè sọ ọ́ ni báńkì lè rí owó dá dúró. Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sì fi wákàtí 72 sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti fi tó àjọ ngCERT létí. A pàdánù ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé a kò mọ̀; ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà ń pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ojú ń tì wọ́n.

Ìjọba náà kò sùn. Òfin lórí jìbìtì ajẹmọ́ owó-ìṣáájú jáde ní 1995; àjọ EFCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003; òfin 2006 ní kí àwọn tó ni káfè íntánẹ́ẹ̀tì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òfin a máa dé lẹ́yìn tí olè ti lọ. Ìbéèrè ni ó máa ń ṣáájú olè dé ẹnu ọ̀nà.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí lé ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ èdè lọ́wọ́. Àwọn kan ń bi wá pé kí ni èdè kíkọ́ wúlò fún ní ayé kọ̀ǹpútà. Ohun tí yóò gba dọ́là 18,000 là ní ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ, etí ni. Ọdún márùn-ún ni mo fi gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú lẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí ohùn náà yí padà, mo gbọ́ ọ, mo sì yìn ín dípò kí n bi í pé ta ni. Lónìí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó dán, tó sì lè sín ohùn ènìyàn jẹ lórí fóònù, àṣìṣe kíkọ kò lè fi olè hàn mọ́, ohùn nìkan kò sì tó láti fi dá ọ̀rẹ́ mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ fi wà nínú òfin wa. Ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ ilé-ìwé kọ́ àwọn òbí wa ní èyí lédè tiwọn, nínú ṣọ́ọ̀bù tiwọn, kí wọ́n tó kọ́ ọ lọ́wọ́ àdánù.

Bí mo ti ń kọ èyí, ẹrù Bàbá Àlàájì kan wà lójú omi. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a san owó rẹ̀, Ìyá Àgbà pè mí lórí fóònù láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọn kò bi mí bí ìwé mi ti ń lọ. Wọ́n ní, “Ẹni tó mú lẹ́tà wá, kí ló mú dání?” Mo sọ fún wọn ohun tó mú dání. Wọ́n ní kí n wá sùn.